Fèrèsé Olúgbódi àti Ilé Tí Kò Mọ Bí A Ṣe Ń Dákẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ kóra jọ síbí, ta ló lè sọ ìdí tí àwọn àgbà Òkè-Agbọ́n fi máa ń pa á lówe pé, "Kí fèrèsé tó bú ògiri, kó kọ́kọ́ wo ohun tó gbé e dúró"? Ẹ má wòkè, ìdáhùn ò sí lájà. Ẹ má sì rò pé láti ayé àwọn baba ńlá wa ni òwe náà ti wá. Àwọn àgbà tó kọ́kọ́ pa á ṣì wà láyé, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, a jọ ń kí ara wa láàárọ̀. Èmi gan-an wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Inú ilé ìkàwé tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọ́ ni ọ̀rọ̀ tó bí i ti ṣẹlẹ̀, igbe tó ké lọ́jọ́ náà sì ju ti ìkókó lọ.

Ọmọ ìlú wa kan wà tó ń jẹ́ Olúgbódi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ tó bá fi ìka mẹ́fà wáyé là ń pè bẹ́ẹ̀. Mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ òsì. Nígbà tó wà ní kékeré, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tán, tó ń tẹ lẹ́tà bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù, àwọn kan náà ló ń sọ pé Ọlọ́run ti mọ iṣẹ́ tó máa ṣe kó tó dá a.

Ohun tó gbé orúkọ Olúgbódi jáde ni bùráúsà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, bùráúsà ni ohun tí a máa ń ṣí lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà kí a tó lè rí ohun tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Olúgbódi sọ tirẹ̀ ní Fèrèsé. Fèrèsé yìí ní ohun tí àwọn yòókù ò ní: bí o bá ṣí ojú ewé kan, tàbí tó o fi fóònù ya àwòrán ohun tí wọ́n kọ, yóò kà á sí ọ létí ní Yorùbá, pẹ̀lú ohùn obìnrin kan tó rọ̀ bí òrí. Àmì ohùn rẹ̀ pé. Kì í pe ọwọ̀ ní ọwọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ oore tó ṣe fún mi. Ojú mi ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ nígbà yẹn. Èmi tí mo ti lo ọjọ́ ayé mi láàárín ìwé, mi ò lè ka orúkọ tó wà lẹ́yìn ìwé mọ́. Mo máa ń ṣí ìwé dání kí àwọn èèyàn má baà mọ̀, nígbà mìíràn orí ìwé a wà nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ tí Olúgbódi gbé Fèrèsé sórí àwọn kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé, tó tẹ bọ́tìnnì, tí ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn sí mi létí, ńṣe ni mo di tábìlì mú.

Mo ní, "Olúgbódi, ìmọ́lẹ̀ ojú tìẹ náà kò ní wọ̀ọ̀kùn."

Ó ní, "Àmín, Màmá Láíbúrárì." Bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bùráúsà kì í dá dúró. Lábẹ́ rẹ̀, ètò ńlá kan wà tó ń darí gbogbo ara kọ̀ǹpútà. Ètò yẹn ló ń sọ fún ojú ẹ̀rọ pé kó mọ́lẹ̀, òun ló ń sọ fún un pé wọ́n ti tẹ bọ́tìnnì. Ara rẹ̀ ni Fèrèsé jókòó sí, bí fèrèsé ṣe ń jókòó sára ògiri. Àwọn kan lọ́nà jíjìn ló ṣe é. Olúgbódi ò mọ̀ wọ́n, àwọn náà ò mọ Olúgbódi. Bí wọ́n bá wá tún ibì kan ṣe lábẹ́, Fèrèsé lè mì.

Ó sì mì. A dé ilé ìkàwé láàárọ̀ ọjọ́ kan, Fèrèsé kọ̀, kò ṣí. Olúgbódi tún un ṣe kí ọ̀sán tó pọ́n. Nígbà tó yá, ó tún ṣẹlẹ̀. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, Baálẹ̀ wa, tó máa ń fi Fèrèsé gbọ́ ìròyìn bọ́ọ̀lù, ránṣẹ́ sí i pé, "Ṣé Fèrèsé rẹ tún ti sùn ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn dun Olúgbódi wọ egungun.

Yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé ìkàwé ni òun àti Mojírayọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Mojírayọ̀ ni obìnrin tó ń rí sí ohùn Fèrèsé. Mo gbé omi wọlé fún wọn lọ́jọ́ náà, mo bá wọn lẹ́nu ọ̀rọ̀.

"Mojírayọ̀, ayálégbé ni wá," Olúgbódi ní. "Ìgbà tó bá wu onílé ló ń ká páànù lé wa lórí. Ó tó gẹ́ẹ́. Ilé tiwa la máa kọ́."

"Ilé wo, Bọ̀ọ̀dá?"

"Ètò tó wà lábẹ́ yẹn. A máa ṣe tiwa láti ìpìlẹ̀. Fèrèsé tiwa, ògiri tiwa."

Mojírayọ̀ gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. "Ẹ má bínú sí mi, Bọ̀ọ̀dá. Òótọ́ lẹ sọ, ó ń dun èmi náà. Ẹni tó bá ní ilé tiẹ̀, ta ló máa lé e jáde? Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ ògiri yẹn pọ̀ bí eéṣú, wọ́n sì ti wà lẹ́nu ẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Àwa dà?"

Olúgbódi na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè. "Àwa rèé."

"Ìka kọ́ ni mo ń bi yín, Bọ̀ọ̀dá, èèyàn ni. Bí gbogbo wa bá lọ ń po amọ̀, ta ni yóò máa nu fèrèsé?"

Olúgbódi rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí ẹni tó ti pinnu tán máa ń rín. "Kí ló wà nínú ògiri? Ọ̀lẹ ni àwọn tó ṣe é. Bí wọ́n bá mọ iṣẹ́ ni, ṣé wọ́n á máa tún un ṣe ní gbogbo ìgbà?"

Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ. Mo gbé ife kalẹ̀, mo bá tèmi lọ.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Olúgbódi sọ ètò tuntun náà ní Ilé Mi, ó sì fa Mojírayọ̀ kúrò nídìí Fèrèsé pé kó wá ràn án lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí Fèrèsé fi ń hùwà bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ lọ sájò. Àmì ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lára ọ̀rọ̀ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ó ka ìròyìn fún gbogbo ìlú pé ìjọba fẹ́ fún àwọn olùkọ́ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní abúlé ní ọkọ tuntun. Ọkọ̀ ló wà nínú ìròyìn o! Kí n tó ṣílẹ̀kùn ilé ìkàwé, àwọn tíṣà obìnrin ti tò síwájú rẹ̀. Àwọn tí kò tíì lọ́kọ fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Àwọn tó ti lọ́kọ fẹ́ mọ̀ bóyá ìjọba á gba ògbólógbòó fi ṣe pààrọ̀.

Mo pe Olúgbódi. Mo ní, "Ọmọ mi, Fèrèsé ti ń ṣìsọ o."

Ó ní, "Màmá, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Bí Ilé Mi bá ti délẹ̀, gbogbo ẹ̀ á tò."

Mo fọwọ́ wọ́nú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń lọ, tó wá fi etí ṣe ojú, bí etí náà bá tún ń purọ́ fún un, kí ló kù? Mi ò jẹ́ kí Fèrèsé ka ohun tí wọ́n kọ sára oògùn ojú fún mi mọ́. Mo ń gbé oògùn náà kiri títí n ó fi rí ẹni tó máa kà á.

Ilé Mi náà ò sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Olúgbódi wá rí i pé kọ̀ǹpútà tí kò ní ètò nínú, ìkókó ni. Kò sí ohun tí o kò ní kọ́ ọ. Bí o bá ti máòsì sí ọ̀tún, òsì ló ń lọ. Wọ́n kọ́ ọ ní ọ̀tún, ó gbàgbé òkè. Bátìrì ń kú lọ, Ilé Mi ń kọ ọ́ gàdàgbà pé òun yó bámúbámú. Wọ́n tún ìyẹn ṣe, ó wá ń pariwo ebi nígbà tí wáyà iná wà lẹ́nu rẹ̀. Olúgbódi gbẹ. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá rọ̀ sí i lọ́rùn bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Ṣùgbọ́n ó ti dá ọjọ́ fún ìlú, ojú sì ń tì í láti yẹ ọjọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo gbọ́ tí Mojírayọ̀ ń bẹ̀ ẹ́.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká sún un síwájú díẹ̀. A ò tíì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dín ohùn kù."

"Ta ló fẹ́ dín ohùn kù lọ́jọ́ ayẹyẹ?"

"A ò tíì kọ́ ọ bó ṣe máa kú tí wọ́n bá ní kó kú."

"Ìkómọ là ń ṣe, Mojírayọ̀, o ń dárúkọ ikú!"

Ilé ìkàwé kún dẹ́nu ọ̀nà. Olúgbódi gbé sípíkà ńlá méjì sóde fún àwọn tí kò ráàyè wọlé, kí wọ́n lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọsọ rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní láti òní lọ, Òkè-Agbọ́n ò ní háyà ògiri lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ó ní kí àwọn àgbà wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kí oníkálukú bi Fèrèsé ní ohun tó bá wù ú, kó sì fi íápíìsì sétí gbọ́ ìdáhùn bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ilé Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ íápíìsì. Sípíkà nìkan ni wọ́n fi hàn án láyé yìí. Gbogbo ìbéèrè tí àgbà kọ̀ọ̀kan rọra tẹ̀ pẹ̀lú ìka kan, tí Fèrèsé máa ń kọ́kọ́ kà padà kó tó dáhùn, òde ló ń kó o lọ.

Baálẹ̀ ló kọ́kọ́ tẹ̀ tirẹ̀. Ohùn tó rọ̀ bí òrí yẹn sì ké jáde láti inú sípíkà, ó gba ìlú kan: "Báwo ni àgbàlagbà ṣe lè jó ijó àwọn ọmọ ìwòyí, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má kán?"

Ẹ̀rín bú lóde. Baálẹ̀ ti fi íápíìsì dí etí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó rò pé ẹ̀rọ ò rí òun dáadáa, ó bá tún un tẹ̀. Sípíkà tún un sọ. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Màmá Láíbúrárì, kí ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí lóde?" Ẹ ò bá gbà mí!

Kí n tó rí nǹkan sọ, ó ti kan olórí akọrin ìjọ. "Báwo ni a ṣe lè yọ ẹni tí ohùn rẹ̀ kò dára kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin, bó bá jẹ́ ìyàwó pásítọ̀ ni?" Ìyàwó pásítọ̀ wà lóde. Ó ti kó gbogbo ẹgbẹ́ akọrin tò, wọ́n fẹ́ kọ orin ọpẹ́.

Ta ló wá kàn bí kò ṣe Ọ̀gbẹ́ni Fágbèmí, ọ̀gá ilé ìwé wa, ọkùnrin tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń bẹ̀rù ju àrá lọ? "Báwo ni a ṣe ń pa irun funfun láró, kí ìyàwó ẹni má mọ̀?"

Òun kò fi íápíìsì dí etí méjèèjì, ó gbọ́ ara rẹ̀. Ó fò dìde. Ó tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń pa ẹ̀rọ. Ilé Mi ò mọ bọ́tìnnì yẹn, ńṣe ló rò pé kí òun tún un sọ ló ní. Ó tún un sọ. Ọ̀gá tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, ìbéèrè ń jáde kíkankíkan. Àwọn yòókù náà ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, oníkálukú ń gbá bọ́tìnnì, gbogbo ẹ̀rọ ń dáhùn pọ̀: ẹ̀yìn Baálẹ̀, ohùn ìyàwó pásítọ̀, irun ọ̀gá.

Mojírayọ̀ sáré fa wáyà iná yọ. Sípíkà òde dákẹ́. A mí kanlẹ̀. Àṣé àwọn kọ̀ǹpútà náà ní bátìrì àti ẹnu tiwọn nínú! Wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ọ̀gbẹ́ni Fágbèmí ká tiẹ̀ mọ́ abẹ́ agbádá, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ń sáré. Bó ṣe ń sáré ni abẹ́ agbádá ń bèèrè pé, "Kí ìyàwó ẹni má mọ̀? Kí ìyàwó ẹni má mọ̀?" Ìyàwó rẹ̀ gan-an ló lọ kọ lù.

"Bàbá Dàpọ̀, ẹ dúró," ìyáàfin náà ní. "Kí lẹ ń sá fún? Ta lẹ rò pé ó ń fọ àwọn ìrọ̀rí dúdú yẹn látọjọ́ yìí?"

Ó gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó tú ìborùn, ó gbé e pọ̀n. Ó ń mi ìdí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ. Ẹ̀rọ náà ń ráhùn lẹ́yìn rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ń lọ sílẹ̀, títí bátìrì fi kú pátápátá.

Nígbà tí èrò túká, Olúgbódi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn àpótí ìwé, kò lè gbójú sókè. Mo rò pé Mojírayọ̀ á ní, "Ṣebí mo sọ fún yín." Kò sọ ọ́. Ó mú kọ̀ǹpútà kan, ó dá ètò àtijọ́ padà sínú rẹ̀, ó ki íápíìsì bọ̀ ọ́, ó gbé e fún un. Olúgbódi tẹ ìbéèrè kan, etí rẹ̀ nìkan ló gbọ́ ọ. Ó fà á yọ, ẹ̀rọ pariwo. Ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń dín ohùn kù, ohùn rọlẹ̀ wẹ́rẹ́. Ó ṣe é títí bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí bí iná ṣe ń tàn, tó sì ń kú.

"Ta ló ṣe eléyìí?" ó bèèrè.

Mojírayọ̀ ṣí ibi tí àwọn tó ṣe ètò náà ti ń kó iṣẹ́ wọn pọ̀ hàn án. Orúkọ lọ súà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Èyí tó kan ohùn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Élísà ló ti ń tọ́jú ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ní ìlú kan tí yìnyín ti ń bọ́. Ó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Mojírayọ̀ túmọ̀ rẹ̀ sókè kí èmi náà lè gbọ́: "Mo ṣe eléyìí kí n lè máa ṣiṣẹ́ kí ọmọ mi má jí."

Olúgbódi fi ìka mẹ́fà bo ojú. Ó ní, "Mo pe obìnrin yìí ní ọ̀lẹ."

Kò dúró kí ọjọ́ kejì mọ́ kó tó kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Élísà fèsì pé àwọn èèyàn máa ń kọ̀wé sí òun dáadáa, ṣùgbọ́n èébú ni wọ́n máa ń kọ; tirẹ̀ ni ọpẹ́ àkọ́kọ́ tí òun máa rí gbà, òun sì kà á sí ọkọ òun létí lórí oúnjẹ. Ó wá ní ohun kan wà tí òun fẹ́ bẹ̀ ẹ́ fún. Kò sí ẹni tó mọ èdè Yorùbá láàárín àwọn. Àwọn èèyàn ń ráhùn pé àmì ohùn kì í jókòó dáadáa lórí lẹ́tà, àwọn ò sì mọ ibi tó yẹ kó jókòó. Ṣé ó lè ràn wọ́n lọ́wọ́?

Ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tó fẹ́ dá ilé kọ́, wọ́n ní kó wá fi bíríkì kan ti ògiri lẹ́yìn. Olúgbódi bá wọn ṣe é. Lónìí, ibikíbi tí ètò yẹn bá dé láyé, bí o bá fẹ́ kọ "ọkọ̀", ọkọ̀ ló máa kọ fún ọ, kò ní fún ọ ní ọkọ. Nítorí pé ó sì ti wà láàárín àwọn tó ń mọ ògiri, wọn kì í fọwọ́ kan ibi tí Fèrèsé wà kí wọ́n má kọ́kọ́ sọ fún un. Mojírayọ̀ padà sídìí ohùn, ohùn padà bọ̀ sípò. Ọjọ́ tí Fèrèsé ka ohun tó wà lára oògùn ojú mi láìṣìsọ, tí mo sì dá kán an fúnra mi, mo dárúkọ Olúgbódi nínú àdúrà, mo dárúkọ Mojírayọ̀. Mo wá dárúkọ Élísà, bí ẹnu mi ṣe lè pè é mọ.

Ó ku bí Olúgbódi ṣe máa tu àwọn àgbà lójú. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú ilé Baálẹ̀, gbogbo àwọn tọ́rọ̀ kàn ló wà níbẹ̀, tọkọtaya.

Baálẹ̀ ní, "Olúgbódi, kí la ṣe fún ọ tó o fi ẹ̀yìn mi ṣe ìròyìn?"

"Bàbá, ẹ forí jì mí. Iṣẹ́ fèrèsé ni mo mọ̀. Mo wá ń bú ògiri, mi ò wo ohun tó gbé mi dúró."

Baálẹ̀ gbọ́ ọ, ó gbé e yẹ̀ wò. Ó ní, "Tún un sọ." Olúgbódi tún un sọ, àwọn àgbà gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó di òwe. Ọ̀gbẹ́ni Fágbèmí, tí orí rẹ̀ ti funfun báláú nígbà yẹn bí òwú, yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Ìyá Dàpọ̀, o ṣeun, o kú iṣẹ́ ìrọ̀rí." Olórí akọrin dìde, ó lọ fọwọ́ kọ́ ìyàwó pásítọ̀ lọ́rùn, àṣé ìyàwó pásítọ̀ ló ń se oúnjẹ fún gbogbo ẹgbẹ́ akọrin láti ọdún tó ti pẹ́. Kí a tó tú ká, kò sí ẹni tí kò tíì rántí ẹnì kan tó yẹ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Baálẹ̀ sì dìde, ó ní òun fẹ́ jó. Ó jó o, ẹ̀yìn rẹ̀ ò kán.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé Òkè-Agbọ́n, tẹ́ ẹ bá àgbà kan tó mi orí, tó sì sọ fún yín pé, "Kí fèrèsé tó bú ògiri, kó kọ́kọ́ wo ohun tó gbé e dúró," ẹ dá a lóhùn dáadáa, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ọgbọ́n ló ń kọ́ yín. Ohun tí sípíkà sọ nípa rẹ̀ ló ń rántí.